Ìràwọ̀ Mẹ́rin Ara Pátákó Wa

                                                            Hòtẹ́ẹ̀lì Gbàdàmọ́sí,
                                                            Ẹ̀gbẹ́ Títì Márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́,
                                                            Ajah, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                            Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, 2009.

Ṣèyílọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ẹ kú ìwé kíkà, mo sì kí ẹ kú ìdúró wọ́ọ̀dù. Ṣé ara le? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá ńkọ́, àti àwọn ìbejì ilé yín tí mi ò tíì mọ ìyàtọ̀ wọn títí dòní? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà. Ní tiwa níbí, a wà, a dúpẹ́. Eruku títì tí wọ́n ń ṣe nìkan ló ń bá wa fínra. Bí o bá nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, o lè fi ìka kọ orúkọ rẹ sí i. Láídé àbúrò mi ní kí n kí ẹ, ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ti ga jù mí lọ. Irọ́ ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ́gba ni.

Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò tíì balẹ̀ láti ìgbà tí lẹ́tà mi tó kọjá ti dé ọwọ́ rẹ, èyí tí mo fi sọ fún ẹ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo yín ní ilé-ìwé nọ́ọ̀sì yín títí ẹ ó fi ṣèdánwò tán, ọjọ́ Tọ́sìdeè gan-an ni ǹ bá ti pè ẹ́. Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn: wọn ò lé mi. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti Láídé sì wà nínú yàrá wa lẹ́yìn ilé ìdáná. Jókòó dáadáa kí n ròyìn bó ṣe lọ fún ẹ.

Mo ti sọ fún ẹ rí pé ìràwọ̀ mẹ́rin ló wà lára pátákó iwájú hòtẹ́ẹ̀lì wa. Ohun tí mi ò sọ ni bí wọ́n ṣe débẹ̀, torí èmi náà ò mọ̀ àfi lóṣù tó kọjá. Alhaji Gbàdàmọ́sí tó ni hòtẹ́ẹ̀lì, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Ilẹ̀ ìdílé wọn ni wọ́n kọ́ ọ sí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ilé ilẹ̀ ni, yàrá mẹ́fà péré, wọ́n sì ní kí ẹni tó ń kun pátákó ya ìràwọ̀ kan sí i. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi ìkejì kún un. Wọ́n tún gun orí ìyẹn, ó di mẹ́ta. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni wọ́n da kọnkéré tó yẹ kí àjà kẹrin dúró lé. Ọ̀sẹ̀ tí kọnkéré yẹn gbẹ ni wọ́n ya ìràwọ̀ kẹrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di àárọ̀ yìí, irin lásán ló dúró lókè yẹn, aṣọ tí a bá fọ̀ la sì ń sá sí àárín wọn. Àjà kan, ìràwọ̀ kan. Bó ṣe yé wọn nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó bá wọn jiyàn, torí ládùúgbò wa yìí, ohun tó bá wu onílẹ̀ ló máa ń kọ sára ògiri rẹ̀.

Níparí oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ hòtẹ́ẹ̀lì wò. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kẹtàlá oṣù yìí, láti wá mọ irú ilé tí a jẹ́ àti ipò tó tọ́ sí wa. Fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́rin wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, wọ́n kọ ọ́ pé ilé tó bá pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́, àwọn máa tì í pa, àti pé ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti ọwọ́ rẹ̀ sí i.

Èmi ni mo máa ń kọ nǹkan níbí, torí pé ọwọ́ mi ṣeé kà. Mánéjà wa, Ọ̀gá Akínọ̀ṣọ́, gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú mi. Wọ́n ní, "Adékẹ́mi, kọ ogójì yàrá. Lífìtì, kọ pé ó wà. Ilé oúnjẹ, kọ méjì."

Mo ní, "Ọ̀gá, yàrá méjìdínlógún la ní."

Wọ́n wò mí bíi pé mo bú ìyá wọn. "Ṣé o fẹ́ kí Alhaji gbọ́ pé ìwọ lo já ìràwọ̀ wọn bọ́? Ẹni tó bá já a bọ́, kó yáa máa di ẹrù ẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di méjì mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Bí mo bá kọ irọ́, orúkọ mi ló máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá kọ òtítọ́, iṣẹ́ lọ, yàrá lọ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ Láídé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì àṣekágbá ni, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sílé-ìwé láti ibí. Níbo ni mo fẹ́ gbé e gbà?

Mo mú ìwé pẹlẹbẹ yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣèyílọ́lá, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibùsùn jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Irú ilé tó o jẹ́ ni. Àwọn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún onímọ́tò, tí èèyàn máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá tó fẹ́ sùn, tí ilẹ̀ bá mọ́ ó ti bá tiẹ̀ lọ. Mo ti rí irú rẹ̀ nígbà tí mò ń lọ sọ́jà Ṣàngótẹ̀dó. Àwọn kan wà létí òkun, ìsinmi nìkan lèèyàn ń bá lọ síbẹ̀. Àwọn kan jẹ́ fúlàátì, ilé ìdáná wà nínú wọn, irú èyí tí àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe títì wa yìí ń gbé fún oṣù mẹ́ta, tí wọ́n á máa se oúnjẹ wọn fúnra wọn. Ilé àlejò náà wà, tí yàrá rẹ̀ kì í pọ̀, tí onílé sábà máa ń wà nítòsí. Hòtẹ́ẹ̀lì gidi tún wà lọ́tọ̀, òun ni wọ́n ń fún ní ìràwọ̀ láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún. Ṣùgbọ́n ilé àlejò ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: ipele kìíní tó ga jù, ìkejì, ìkẹta. Bó bá ti mọ́, tí omi ń yọ, tí ilẹ̀kùn ń tì dáadáa, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde sílẹ̀, ojú kì í tì í níbikíbi. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń rí ilé wa nínú rẹ̀. Ilé àlejò ni wá látòkè délẹ̀. Mo wá gbogbo ojú ewé ìwé náà, kò síbi tí wọ́n ti ka àjà.

Ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n, ó ṣòro láti sọ ọ́. O mọ̀ mí. Ìwọ lo máa ń sọ fún mi ní kíláàsì pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ó sì máa ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbìyànjú. Mo ṣí ìwé náà síbi ilé àlejò, mo gbé e lọ bá Mánéjà. Wọ́n ní, "Ìwé lo fẹ́ fi bá mi jà?" Wọ́n wá ní kí n wá bá wọn di àkàbà mú.

Aago ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́. Wọ́n ti rí i rí ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan pé aago mẹ́ta ló wà lára ògiri, orúkọ ìlú òkèèrè sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lọ yá mẹ́ta lọ́wọ́ àna wọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Jakande, wọ́n kọ Lọ́ńdọ̀nù, Nìú Yọ́ọ̀kì àti Dùbáì sábẹ́ wọn. Wọ́n yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí wọ́n fi dọ́gba, wọ́n sì gbéra ga sí i. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé aago wọn ò yàtọ̀ síra ni?" Wọ́n ní aago tí kò bá dọ́gba, àlejò máa rò pé ó ti bàjẹ́ ni.

Ó tún ku ẹni tó máa jẹ́ kúùkù. Àǹtí Àbẹ̀bí ló ń se oúnjẹ wa, ọwọ́ wọn sì dùn, ṣùgbọ́n Mánéjà ní obìnrin tó ń ró ìró kò jọ kúùkù oníràwọ̀ mẹ́rin. Wọ́n bẹ Àǹtí pé kí wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà. Ògúnkúnlé ni wọ́n fi rọ́pò wọn, ọmọ Ìkìrun kan tó ń lẹ táìlì ní ilé tuntun kan lẹ́yìn ẹ́síteètì Abraham Adésànyà, tó ti ń sùn ní yàrá keje wa láti oṣù kẹjọ. Wọ́n ní ó ga, aṣọ funfun máa bá a mu. Àǹtí Àbẹ̀bí kàn mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó bá wọn fi sìmẹ́ǹtì ro ẹ̀bà, kó lè dì."

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, mo jókòó, mo kọ fọ́ọ̀mù náà. Yàrá: méjìdínlógún. Èyí tí ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀: mọ́kànlá. Lífìtì: kò sí. Ilé oúnjẹ: ọ̀kan, tábìlì márùn-ún. Níbi tí wọ́n ti bèèrè irú ilé tí a jẹ́, mo fàmì sí ilé àlejò. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ìràwọ̀, mo fa ìlà. Mo kọ orúkọ mi, mo sì fọwọ́ sí i. Mo wá gbé e lọ fún Mánéjà, torí àwọn náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mi ò fẹ́ fi ẹ̀tàn ṣe é, nítorí náà mo sọ ọ́ jáde: "Ọ̀gá, ẹ kà á o. Ohun tó wà nílé ni mo kọ." Orí àkàbà ni wọ́n wà. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù náà lé ògiri, wọ́n fọwọ́ sí i láìkà á, wọ́n sì ní, "Ṣé ìwọ náà máa ń ṣàṣìṣe ni?"

Látìgbà yẹn, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́.

Nígbà tó di Túsìdeè, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, obìnrin tí ọ́fíìsì náà rán dé. Ìyáàfin Ọláníyan ni orúkọ wọn, obìnrin kúkúrú, bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, eruku títì ti bo gbogbo bùbá wọn. Alhaji ti wà lórí àga ńlá inú gbọ̀ngàn ìgbàlejò pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ìyáàfin Ọláníyan kí wọn, wọ́n wo aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n wo èyí tó wà lọ́rùn ọwọ́ tiwọn.

Wọ́n ní, "Ó mà dáa o. Gbogbo ayé ti ń lo aago Ajah."

Mánéjà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Wọ́n bọ́ sílé ìdáná. Ògúnkúnlé dúró ṣánṣán bíi sójà nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ìyáàfin Ọláníyan bi í pé kí ló máa ń sè fún àlejò. Ó ní, "Ìrẹsì, mà." Kí tún ni? "Ìrẹsì àti ẹ̀wà, mà." Wọ́n ní kó na ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n wo èékánná rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Búlọ́ọ̀kù tàbí táìlì?" Ó ní, "Táìlì, mà," ó sì na àyà bó ṣe ń sọ ọ́. Láti ẹ̀yìnkùlé ni mo ti gbọ́ ikọ́ Àǹtí Àbẹ̀bí. Kò sí ikọ́ tó ń ṣe wọ́n.

Nígbà tí a padà síwájú, Ìyáàfin Ọláníyan ní kí wọ́n mú fọ́ọ̀mù wá. Ìdúró ni wọ́n fi kà á. Mánéjà bẹ̀rẹ̀: "Mà, bí ẹ ṣe rí i, àwa tí a wà ní ìràwọ̀ mẹ́rin..." Wọ́n gbọ́wọ́ sókè sí wọn.

"Ta ló ń jẹ́ Adékẹ́mi?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ lo kọ ọ́ síbí pé kò sí lífìtì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò sí."

Alhaji ní kí ni mo kọ. Ìyáàfin Ọláníyan ka gbogbo rẹ̀ sókè, láti orí yàrá dé orí tábìlì márùn-ún. Mo di etí tábìlì mú. Mánéjà ń wò mí bíi pé ilẹ̀ ni mo ti hù jáde. Nígbà tí wọ́n ka ibi ilé àlejò, Alhaji dìde. Wọ́n ní, "Láti ibí títí dé etí ọ̀sà, ìdílé wa ló nilẹ̀. Ta ló gba ìràwọ̀ lọ́wọ́ mi?"

Obìnrin náà ní, "Alhaji, ta ló fún yín?"

Alhaji na ọwọ́ sókè, wọ́n ń ka ilé náà lójú wa: "Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin."

Mo rò pé Ìyáàfin Ọláníyan máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó ti Alhaji. Wọ́n ní bí èèyàn bá kọ́ ilé kan sánmà, tí omi ò bá yọ nínú rẹ̀, kò ní ìràwọ̀ kankan. Ilé ilẹ̀ wà tó ní márùn-ún. Wọ́n ní ohun tí àlejò rí gbà nínú ilé làwọn ń kà, kì í ṣe bí ilé ṣe ga tó. Wọ́n wá bi Alhaji léèrè pé, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ onílẹ̀. Ṣé ẹnì kan lè jí láàárọ̀ kó sì fi ara ẹ̀ jẹ baálẹ̀?"

Alhaji ní, "Kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ń fini joyè wà."

"Àwa náà nìyẹn, sà."

Alhaji jókòó.

Wákàtí méjì gbáko ni èmi àti Ìyáàfin Ọláníyan fi yí ilé náà ká, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì kúrò, wọ́n wo abẹ́ fóòmù, wọ́n gbóòórùn táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n ṣí omi, wọ́n wo iye ìṣẹ́jú tó fi yọ. Wọ́n ka garawa iyanrìn tí a fi ń pa iná. Nígbà tó yá, wọ́n bèèrè ìwé tí àlejò ń kọ orúkọ sí. Mo kó ti ọdún mẹ́ta jáde. Wọ́n kàn ṣí ibì kan, wọ́n ní ta ló sùn ní yàrá karùn-ún lọ́jọ́ kejì oṣù kẹta. Mo kà á fún wọn: bàbá kan láti Ẹdẹ tó wá wo ilẹ̀, ó dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbàgbé agbòòrùn, ó wá gbà á lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì fọwọ́ sí i pé òun ti gbà á. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á fúnra wọn. Wọ́n ṣí ibòmíràn, wọ́n tún kà á.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, wọ́n sọ fún Alhaji pé àgádágodo àti ìwé pupa wà nínú ọkọ̀ àwọn níta. Ká ní ìràwọ̀ mẹ́rin làwọn bá nínú fọ́ọ̀mù yẹn ni, àwọn ì bá ti ti géètì kí àwọn tó máa lọ. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wa bá ilé wa mu. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ilé àlejò, ipele kejì. Wọ́n ní ká fi ògiri yí àwọn irin òkè yẹn ká kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́, ká ṣe ilé ìwẹ̀ sí yàrá méje tó kù, àwọn á sì padà wá wò ó bóyá a lè bọ́ sí ti àkọ́kọ́. Ìràwọ̀ ara pátákó, ọjọ́ méje ni wọ́n fún wa láti pa wọ́n rẹ́. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí wọ́n bu oúnjẹ ẹni tó ń húkọ́ lẹ́yìnkùlé wá fún àwọn. Àǹtí Àbẹ̀bí gbé e wá fúnra wọn, wọ́n sì tún ìró ró kí wọ́n tó wọlé.

Ìwọ máa rò pé ọkàn mi ti balẹ̀ nígbà yẹn. Rárá o. Alhaji wọ bàtà, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n lọ láìwo ẹnikẹ́ni. Mánéjà ní, "O ti rí i." Wẹ́sìdeè, a ò gbúròó Alhaji. Mò ń ṣiṣẹ́ mi, mò ń gbé fóònù, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró níwájú géètì ni mo máa ń sáré lọ yọjú wo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Tọ́sìdeè ni Alhaji dé, àwọn àti ẹni tó ń kun pátákó. Wọ́n dúró nínú oòrùn títí ó fi ha mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Nígbà náà ni wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí wọ́n pe èmi àti Mánéjà. Mánéjà ti bẹ̀rẹ̀: "Alhaji, mo sọ fún ọmọ yìí pé..."

Alhaji ní, "Akínọ̀ṣọ́, ṣé ìwọ kọ́ lo fọwọ́ sí i ni?"

"Èmi ni, sà."

"O kà á?"

Mánéjà ní orí àkàbà ni àwọn wà nígbà náà. Alhaji kọjú sí mi, wọ́n ní kí ló dé tí mi ò wá bá àwọn kí n ṣàlàyé fún àwọn. Mo rò ó bóyá kí n wá ọ̀rọ̀ tó dùn sọ. Mi ò rí ọ̀kankan. Mo ní, "Mo bẹ̀rù pé ẹ máa lé èmi àti àbúrò mi, sà."

Wọ́n ń fi ìka ṣí tẹ̀súbáà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bi mí pé kíláàsì wo ni àbúrò mi wà. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ìgbà wo ni yóò ṣèdánwò. Mo ní ó di oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀.

Wọ́n ní, "Yàrá yẹn ni yóò ti ṣe é, ìwọ náà yóò sì máa kọ ìwé rẹ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ jáde níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó lọ gbé ìwé onílẹ̀ tiẹ̀ wá."

Ṣèyílọ́lá, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo wá lọ sẹ́yìn táǹkì omi, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jẹ àwo ẹ̀bà méjì, Láídé jókòó, ó ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mánéjà ti dá aago wọn padà sí Jakande. Wọ́n ṣì ń dì mí sínú díẹ̀, ṣùgbọ́n lánàá, wọ́n ní kí n yá àwọn ní ìwé pẹlẹbẹ yẹn.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá dáadáa, kí o sì fi ọwọ́ kan àwọn ìbejì lórí fún mi. Má jẹ́ kí wọ́ọ̀dù gba gbogbo agbára rẹ; máa jẹun kí o tó lọ. Nígbà tí o bá ṣèdánwò tán, wá lo ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú wa. Yàrá wa ò tóbi, ṣùgbọ́n ààyè rẹ wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè lé wa.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí oorun ti padà sójú rẹ̀,

Adékẹ́mi Akínbọ̀dé